Ipò Láwùjọ àti Àjọṣe Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìlọrin

  

ÌFÁÀRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dí ẹnu ẹni tí ó bá bèèrè ìdí tí ọmọ kan fi ń ṣe dáadáa ní ilé-ìwé tí èkejì rẹ̀ kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ọwọ́ dáadáa yóò rí i pé gbogbo ìka, àtèyí tí ó gùn àtèyí tí ó kúrú, ni ó ń pàdé nígbà tí a bá fẹ́ bu òkèlè. Lórí ìpàdé yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ dáhùn. Èkíní ni pé, báwo ni ipò tí òbí wà láwùjọ ṣe ń bá ọmọ wọ inú kíláàsì? Èkejì ni pé, kí ni ipò yìí ń ṣe sí àjọṣe àwọn ọmọ fúnra wọn: ta ni ó ń bá ta ni jókòó, ta ni ó ń bá ta ni ṣọ̀rẹ́, ta sì ni a ń pè ní olódo? Ìlọrin ni n óò ti mú àpẹẹrẹ mi, nítorí pé ìlú yìí ní irú ilé-ẹ̀kọ́ méjì tí ó ti ń bá ara wọn gbé láti ìgbà pípẹ́, èyí ni ilé-kéú àti ilé-ìwé. A lè fi ọ̀kan wo èkejì.

Èrò mi nìyí. Àìlówó nìkan kọ́ ni ó ń pa ọmọ mẹ̀kúnnù lára ní ilé-ìwé. Ilé-ìwé a máa ka ohun tí ọmọ ọlọ́rọ̀ kó ti ilé baba rẹ̀ wá sí ọgbọ́n orí. A sì máa ka àìní ohun náà sí àìgbọ́n. Àwọn ọmọ a gba ìdájọ́ yìí gbọ́, wọn a sì máa fi yan ọ̀rẹ́.

IPÒ LÁWÙJỌ NÍ ÌLỌRIN

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo Ìlọrin ń lò tí ó lè là wá lọ́yẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni tálákà. Láti inú èdè Haúsá ni ó ti wá, ìtumọ̀ méjì ni ó sì ní. Tálákà ni ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́. Tálákà náà sì ni ẹni tí kò ní oyè, tí kò sí nínú ìdílé àwọn tí ń ṣe àkóso. Ẹni tí ó ní owó lè jẹ́ tálákà ní ọ̀nà kejì yìí. Nígbà tí àwọn ará ìlú dá ẹgbẹ́ òṣèlú Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1950, tí wọ́n sì bá ẹgbẹ́ Action Group dòwò pọ̀, ìtumọ̀ méjèèjì ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn tí kò ní ohùn nínú àkóso ìlú ni wọ́n ń sọ pé àwọn fẹ́ ní ohùn.

Ní ayé àtijọ́, Ẹ́míà ni ó wà lókè. Àwọn Balógun mẹ́rin, ti Gàmbàrí, ti Fúlàní, ti Àjíkọ̀bí àti ti Àlánàmú, ni ó tẹ̀lé e, pẹ̀lú àwọn Mágàjí. Àwọn àáfà ní iyì tiwọn, ìmọ̀ ni ó sì fún wọn ní iyì náà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn oníṣòwò, àwọn ahunṣọ, àwọn alápatà, àti àwọn obìnrin amọ̀kòkò ti Dàda àti ti Òkèlélè. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 tí Ìlọrin sì di olú-ìlú rẹ̀, irú ènìyàn mìíràn pọ̀ sí i nílùú: akọ̀wé ìjọba, agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́ báńkì. Ní ọdún 1975 ni a dá yunifásítì yìí náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀, àwa olùkọ́ sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìwé-ẹ̀rí ni ó gbé irú àwọn wọ̀nyí dé ipò. Nítorí náà àkàsọ̀ mẹ́ta ni ó wà ní Ìlọrin: oyè, owó, àti ìwé. Kò sí ibi tí ọmọ àwọn tí ó wà lórí àkàsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lè pàdé bí kò ṣe ilé-ẹ̀kọ́.

ILÉ-KÉÚ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọ ilé-kéú. Lórí ẹní tàbí lórí awọ ni àwọn ọmọ ń jókòó níwájú àáfà, olúkúlùkù pẹ̀lú wàláà rẹ̀. Ọmọ ọlọ́lá kò ní àga tirẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní èdè ilé rẹ̀, nítorí Lárúbáwá ṣàjèjì sí gbogbo wọn bákan náà. Ọmọ kò sì ní láti dúró de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọmọ bá kà dé nínú Kùránì ni àáfà ń bá a dúró. Owó tí òbí ń san, tí a ń pè ní owó Àlàrùba nítorí pé ọjọ́ náà ni a ń mú un wá, kéré, ẹni tí kò bá sì ní i lè fi oúnjẹ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ dípò rẹ̀.

N kò sọ pé ilé-kéú kò mọ ìyàtọ̀ láàrin olówó àti òtòṣì. Ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ àáfà láti ọ̀nà jíjìn ni ó ń ṣiṣẹ́ oko, tí ó ń pọnmi, tí ó sì lè máa tọrọ jẹ, nígbà tí ọmọ ìgboro ti padà sílé jẹun. Ọjọ́ wòlímọ̀, tí í ṣe ayẹyẹ ìparí Kùránì, ni ìyàtọ̀ náà ń hàn sí gbangba. Ọmọ ọlọ́rọ̀ a wọ aṣọ àrà, wọn a pa màlúù. Ọmọ mìíràn tí ó ti kà á tán a sì máa dúró kí baba rẹ̀ tó rí owó àgbò. Ohun tí mo fẹ́ kí a dì mú ni pé ìyàtọ̀ yìí dé lẹ́yìn ìmọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ọmọ tí baba rẹ̀ kò rí àgbò rà kò mọ Kùránì.

Nígbà tí ó yá, àwọn aṣáájú bíi Ṣéù Kamaldeen al-Adabiy, tí ó dá ẹgbẹ́ Ansarul-Islam sílẹ̀ ní Ìlọrin ní ọdún 1942, àti Ṣéù Adam Abdullah al-Ilory, tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952 kí ó tó gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955, mú ètò kíláàsì, ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí wọ inú ẹ̀kọ́ Lárúbáwá. Èyí ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà láti dé àwọn yunifásítì ilẹ̀ Lárúbáwá.

ILÉ-ÌWÉ

Ní ti ilé-ìwé, ipò baba ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ilẹ̀ Àríwá. Ìjọba amúnisìn kò fún àwọn oníwàásù ìgbàgbọ́ láyè púpọ̀ ní ilẹ̀ àwọn Ẹ́míà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí a ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ọmọ àwọn ìdílé ọlọ́lá ni a ní lọ́kàn jùlọ.

Lẹ́yìn náà ni ààlà ẹkùn dá ìpín sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wọ ilé-ìwé láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ Ìlọrin, tí èdè wọn jẹ́ ọ̀kan tí ìlú wọn kò sì jìnnà síra, kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí pé Àríwá ni ìjọba ka Ìlọrin mọ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 ni ètò UPE ti ìjọba àpapọ̀ tó sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọmọ ahunṣọ, ọmọ alápatà àti ọmọ akọ̀wé ìjọba di ẹlẹgbẹ́ nínú kíláàsì kan náà, aṣọ kan náà ni wọ́n sì ń wọ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n há ewì J. F. Ọdúnjọ inú Aláwìíyé sórí, èyí tí ó kọ́ wọn pé iṣẹ́ àṣekára ni yóò sọ ènìyàn di ẹni gíga, kì í ṣe ọrọ̀ òbí. Ìlérí ilé-ìwé sí ọmọ tálákà nìyẹn.

Ìlérí náà kò pẹ́ tí ó fi mì. Yàrá ìkàwé kò tó, a sì sáré kọ́ àwọn olùkọ́. Owó epo rọ̀bì wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nígbà tí ètò ìtúntò ọrọ̀ ajé tí a ń pè ní SAP dé ní ọdún 1986, owó oṣù kò tó olùkọ́ jẹun mọ́. Àwọn òbí tí ó lówó lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí kó ọmọ wọn kúrò ní ilé-ìwé ìjọba lọ sí ti aládàáni. Èyí ni ìyípadà tí ó tóbi jù nínú ìtàn tí mo ń sọ, nítorí pé bí àwọn òbí wọ̀nyí ti lọ, ohùn tí ìjọba ń gbọ́ bá wọn lọ. Òbí tí ó mọ kọmíṣọ́nnà kò ní ọmọ níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ìdí tí yóò fi lọ bèèrè nípa òrùlé tí ń jò.

Ẹ̀ṢỌ́ TÍ A KÓ TI ILÉ WÁ

Ní ọdún 1970, àwọn onímọ̀ Faransé méjì, Pierre Bourdieu àti Jean-Claude Passeron, ṣàlàyé nínú ìwé kan bí ilé-ìwé ṣe ń gba ọ̀rọ̀ sísọ, ìwà àti ìtọ́wò àwọn ìdílé ọlọ́lá gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, tí ó sì ń fi òṣùwọ̀n náà wọn ọmọ gbogbo ènìyàn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ní kúkúrú pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ méjì nínú kíláàsì kan. Ọ̀kan ń gbé ní GRA. Ó ní tábìlì àti iná, ìwé wà nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀ sì fi ń pè é wá jẹun. Èkejì ń gbé ní agbo ilé àwọn ahunṣọ. Bí ó bá ti ilé-ìwé dé, yóò gbé igbá lọ sí Ìpàtà tàbí Ọjà Ọba, tàbí kí ó jókòó ti òfì baba rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò lọ kéú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ béèrè ìbéèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ GRA na ọwọ́ sókè. Ọmọ ahunṣọ mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n èdè tí yóò fi sọ ọ́ ni kò sí lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ kọ ọ̀kan sílẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n, ó sì kọ èkejì sílẹ̀ ní olódo.

Ẹ rántí pé olódo yìí lè ti há ìdá púpọ̀ nínú Kùránì sórí ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ tí ó lè ṣe ìyẹn kò pé kí ó máa lóye. Nígbà tí ó wọ ọgbà kan, a ní orí rẹ̀ pé. Nígbà tí ó sọdá títì wọ ọgbà kejì, a ní orí rẹ̀ kò pé. Orí kan náà ni.

Àwọn ìwádìí kan ti fi èyí hàn. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lára ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wọ́n ta wọ́n yọ. Síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì ń san owó ìtanràn. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ìjọba kan náà kéde pé òun fagi lé e. Ẹni tí èdè ilé rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kò pàdánù nǹkan kan nínú ìyípadà yìí. Ọmọ ahunṣọ ni ó tún pàdánù.

AJẸBỌ́TÀ ÀTI AJẸPÁKÓ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dúró de onímọ̀ àwùjọ kí wọ́n tó rí gbogbo èyí. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ ọmọ ọlọ́rọ̀ ní ajẹbọ́tà, tí wọ́n sì sọ ọmọ òtòṣì ní ajẹpákó. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà ní etí. A rí i ní ilé-ìwé onílé-gbígbé ní ọjọ́ tí òbí ń wá kí ọmọ. Ọ̀kan ń gba agolo mílíìkì àti Bournvita. Èkejì ń fi ìwé bojú pé òun ń kàwé, kí a má baà rí i pé kò sí ẹni tí ó wá. A rí i ní ọjọ́ tí a ń pe orúkọ àwọn tí ó jẹ owó ilé-ìwé síta níwájú gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Ìtìjú ọjọ́ náà a máa pẹ́ lára ọmọ ju gbèsè náà lọ.

Àwọn àgbà ní òṣì ní í jẹ́ ta ni mọ̀ ọ́ rí, owó ní í jẹ́ mo bá ọ tan. Ọmọdé tètè mọ òwe yìí láìjẹ́ pé a kọ́ ọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọmọ tí kò ní sábà ń gbà. Ọ̀kan a fi ipò rẹ̀ pamọ́: a parọ́ nípa iṣẹ́ baba rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mọ ilé rẹ̀. Òmíràn a sọ ọgbọ́n rẹ̀ di ọjà: a máa bá ọmọ ọlọ́rọ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kí ó lè rí nǹkan jẹ, wọn a sì máa pe ìyẹn ní ọ̀rẹ́. Ẹ̀kẹta a kẹ̀yìn sí ilé-ìwé, a kó irú tirẹ̀ jọ, wọn a sì máa fi ẹni tí ń kàwé ṣe yẹ̀yẹ́. Paul Willis rí irú àwọn wọ̀nyí láàrin àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ̀wé lé wọn lórí ní ọdún 1977. Àwọn ọmọ náà rò pé àwọn ń bá ilé-ìwé jà. Ìjà náà ni ó gbé wọn padà sí irú iṣẹ́ tí baba wọn ń ṣe.

Kí a má sì rò pé ọmọ ọlọ́rọ̀ kò pàdánù. Ọmọ tí kò ní ọ̀rẹ́ kankan ní agbo ilé a dàgbà láìmọ ìlú tí yóò ṣàkóso lọ́jọ́ iwájú.

Àwa náà ní yunifásítì kò bọ́ nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ náà ti gbà pé gbogbo wọn ni ó ní kọ̀ǹpútà àti iná. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Òkè-Òdó, ó ń wá ibi tí yóò ti gba iná sí fóònù.

ÌPÀDÉ ÀTI ÌBÁRẸ́

Ní ọdún 2022, Raj Chetty àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n wo àjọṣe ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 72 lórí Facebook. Wọ́n rí i pé níbi tí àwọn tí kò ní bá ti ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ láàrin àwọn tí ó ní, ibẹ̀ ni ọmọ òtòṣì ti ń rọrùn jùlọ láti kúrò nínú òṣì. Wọ́n tún rí i pé ohun méjì ni ó ń dí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Ọ̀kan ni pé àwọn méjèèjì kò pàdé rárá. Èkejì ni pé wọ́n pàdé, ṣùgbọ́n wọn kò bá ara wọn rẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ìṣòro náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo Ìlọrin. Ètò ọdún 1976 fún wa ní ìpàdé. Ìbárẹ́ ni a kò ṣètò fún, nítorí a rò pé aṣọ ilé-ìwé kan náà ti tó. Lóde òní ìpàdé gan-an ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa: ọmọ ọlọ́rọ̀ wà nínú ọgbà kan, ọmọ mẹ̀kúnnù wà nínú èkejì, ògiri sì wà láàrin. Ẹgbẹ́ ẹyẹ ni ẹyẹ ń wọ́ tọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa ni a kọ́ ilé ẹyẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹnìkan lè sọ pé kí ni ilé-ìwé lè ṣe sí ohun tí Ọlọ́run pín fún olúkúlùkù nílé? Ní ọdún 1983, Stephen Heyneman àti William Loxley fi iṣẹ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè 29 wé ara wọn. Wọ́n rí i pé bí orílẹ̀-èdè bá ti tòṣì tó, bẹ́ẹ̀ ni dídára ilé-ìwé àti ti olùkọ́ ń nípa lórí ẹ̀kọ́ ọmọ tó. Ilé-ìwé wa lágbára ju bí a ti rò lọ.

Èkíní, kí olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ fi èdè ẹnu rẹ̀ ronú, kí ó sì fi í dáhùn, kí a sì máa kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Kí owó ìtanràn lórí èdè Yorùbá kásẹ̀ nílẹ̀. Èkejì, kí ọ̀rọ̀ gbèsè wà láàrin ilé-ìwé àti òbí. Kí a má pe orúkọ ọmọ síta mọ́. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ máa jẹun pọ̀ nínú abọ́ ilé-ìwé, kí a sì máa pààrọ̀ ibi ìjókòó àti iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, kí ọmọ má baà dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ ilé-ìwé àti àáfà ilé-kéú tí ń kọ́ ọmọ kan náà mọ ara wọn. Ohun tí ọ̀kan mọ̀ nípa orí ọmọ náà yóò ṣe èkejì láǹfààní. Ẹ̀karùn-ún, èyí sì ni ó nira jù: kí àwa tí a ní ohùn dá ọmọ wa padà sí ilé-ìwé tí gbogbo ènìyàn ń lò, tàbí, bí a kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí a máa lo ohùn wa fún un bí ẹni pé ọmọ wa wà níbẹ̀.

ÌKÁDÌÍ

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ipò baba ń bá ọmọ wọ kíláàsì, pé èdè àti ìtìjú ni ó sábà ń gbà wọlé, àti pé àwọn ọmọ ń fi í yan ọ̀rẹ́ kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo fẹ́ fi kún un pé ọmọ tí a kọ́, ṣùgbọ́n tí a fi gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ fún pé kò tó ẹgbẹ́, kò ní rí ìdí tí yóò fi bá wa ṣọ́ ilé náà.